Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Nọ́wè? Ẹgbẹ́ méjì ń pe àbúrò mi, ẹ bá mi dá sí i

Ẹ̀gbọ́n_Wíńgà (Sátidé, 7:40 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ Arsenal àti Chelsea la sábà máa ń ṣe níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni mo gbé wá lónìí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, wíńgà ni, ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní líìgì kejì níbí. Ẹgbẹ́ méjì ló ń pè é. Èkíní jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, wọ́n ní kó wá sáìnì ọdún 4, àmọ́ ẹgbẹ́ kejì wọn ló máa kọ́kọ́ máa gbá fún, tó bá ṣe dáadáa wọ́n á fà á gòkè. Èkejì, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Nọ́wè, líìgì kejì tiwọn níbẹ̀, owó tí wọ́n fẹ́ san kò tó ìdajì ti Bẹ́ljíọ̀mù, ṣùgbọ́n kóòṣì wọn fúnra rẹ̀ ló pè é lórí WhatsApp, ó ní òun ti wo eré rẹ̀ mẹ́fà lórí fídíò, ó sì dárúkọ ohun tí ọmọ náà ṣe nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màámi ní Bẹ́ljíọ̀mù. Éjẹ́ǹtì ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bàámi ní kó kọ́kọ́ parí ilé-ìwé. Ọmọ náà gan-an ti gbé jẹ́sì Bẹ́ljíọ̀mù sí status rẹ̀, mo ní kó yọ ọ́ kíákíá kí ayé tó rí i. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kó má lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la ní láti dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ_Àkúrẹ́ (Sátidé, 7:52 alẹ́)

Nọ́wè! Kí lẹ tún ń rò sí? Victor Boniface, Àkúrẹ́ níbí la bí i sí, Bodø/Glimt ní Nọ́wè ló kọ́kọ́ lọ ní 2019, ibẹ̀ ló gbà dé Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dọ̀ Union Saint-Gilloise ní 2022, ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti wà ní Leverkusen, wọ́n sì gba líìgì Jámánì láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà wọ́n. Ta ló mọ Bodø nígbà yẹn? Ẹ ní kó máa di ẹrù.

Peckham_Sharp (Sátidé, 8:20 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́, ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ náà wọkọ̀ ní Bodø ó sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Leverkusen. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣan orúnkún rẹ̀ já ní Nọ́wè yẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ nìyẹn, pé ẹgbẹ́ náà mú sùúrù fún un títí ó fi dìde. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ti fún un ní ìwé rẹ̀.

Èmi ò sọ pé Nọ́wè ò dáa o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má wo orílẹ̀-èdè, ẹ wo àyè. Ẹ wo Leicester. Ní 2016 wọ́n ta Kanté fún Chelsea, Mendy tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá ṣèṣe, àárín pápá wọn wá ṣófo bí ọjà tí òjò tú ká. January 2017 Ndidi dé láti Genk ní Bẹ́ljíọ̀mù, kò tíì mọ ọ̀nà ibi tó ti máa ra búrẹ́dì tó fi ti wọ fẹ́ẹ̀sì tíìmù (ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wọn), ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, August 2017, Iheanacho dé sí Leicester yìí kan náà, mílíọ̀nù 25 pọ́ùn. Ọmọ tó ti gbá góòlù 14 wọlé fún Man City ní 2015/16 kí kóòṣì Guardiola tó dé, tí sítíráíkà mìíràn, Gabriel Jesus, náà tún wá dé lé e lórí. Ta ló bá ní Leicester? Vardy, sítíráíkà wọn. Ó di 2021 kí kóòṣì tó máa fi òun àti Vardy síwájú pọ̀ kí gbogbo wa tó rí ọmọ tí a mọ̀, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tó gbé wọn dé fáínà FA Cup lọ́dún yẹn. Ilé kan náà, ọmọ Nàìjíríà méjì, ọ̀kan bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí, èkejì bá ẹnìkan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà ìbéèrè mi fún yín: wíńgà mélòó ni Bẹ́ljíọ̀mù yẹn ní lápá òsì? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Nínú ẹgbẹ́ kejì ńkọ́?

ÌyáÌbejì_CFC (Sátidé, 9:03 alẹ́)

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó kì í ṣe nǹkan. Màámi yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kejì níbí, tí wọ́n lè jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n, ẹ ní kó lọ gba ìdajì owó nínú yìnyín. Taiwo Awoniyi ọmọ Ìlọrin, Liverpool rà á ní 2015, kò gbá eré kan ṣoṣo fún wọn. Kò gbá o! Ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ ò jẹ́. Wọ́n ń fi yá ẹgbẹ́ kiri. Síbẹ̀ ẹ wo ibi tó dé: Union Berlin rà á, góòlù 15 ní líìgì Jámánì lọ́dún kan, Nottingham Forest ní Ẹ́ńgílándì tún rà á ní 2022, òun ló gbá góòlù tí wọ́n fi na Arsenal ní May 2023 tí Forest kò fi já sísàlẹ̀. Tí kì í bá ṣe orúkọ Liverpool tó wà lára rẹ̀, ta ni ì bá ṣí ìlẹ̀kùn fún un?

Sítíráíkà_Àná (Sátidé, 10:31 alẹ́)

Ìyá ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ọmọ yẹn yá láàárín ọdún mẹ́fà: FSV Frankfurt, NEC, Mouscron (ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ ibẹ̀), Gent, Mainz, Union Berlin. Jámánì, Holland, Bẹ́ljíọ̀mù, padà sí Jámánì. Tó bá ti ń mọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń gbá, ó tún ti di ẹrù. Awoniyi lágbára ọkàn, Ọlọ́run sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin rí òun torí pé ó yè é. Àwọn tí kò yè é kò sẹ́ni tó ń kọ ìròyìn wọn, èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ yìí wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọmọ ọdún 20 ni mí nígbà tí mo lọ sí orílẹ̀-èdè kan ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Kóòṣì ibẹ̀ fẹ́ràn mi gan-an, òun ló ní kí wọ́n mú mi wá, bíi ti Nọ́wè tiyín yìí gẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo débẹ̀ ni wọ́n lé e. Kóòṣì tuntun dé, ó mú sítíráíkà tiẹ̀ dání, kò sì bi mí rí pé kí lorúkọ mi, "Nigeria" ló máa ń pè mí. Lọ́jọ́ Friday lẹ́yìn tírénì (ìdánrawò) wọ́n máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ pépà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ, orúkọ àwọn 18 tó ń bá ẹgbẹ́ lọ ló wà níbẹ̀. Èmi kì í sáré lọ wò ó. Màá kọ́kọ́ máa fọ bàtà mi lábẹ́ omi tútù, ìka ọwọ́ mi á ti kú, kí àwọn yòókù ti kà á tán kí wọ́n ti lọ. Nígbà tó yá mi ò nílò pépà mọ́. Bàbá kan wà tó ń bá wa tọ́jú aṣọ, tí orúkọ mi bá wà níbẹ̀ ṣe ló máa ń ju ìbọ̀sẹ̀ lù mí táá máa rẹ́rìn-ín, tí kò bá sí níbẹ̀, á rọra kí mi, ohùn jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ohùn yẹn ni mo fi mọ̀.

Oṣù 14 ni mo lò, eré mẹ́rin ni mo wọ̀, gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ má gbà á gbọ́ tí wọ́n bá ní tírénì á gbé e ró. Irọ́ ni. Tírénì kì í gbá ẹ nípàá nígbà tí o ò retí, kì í sì í jẹ́ kí o mọ ohun tí wàá ṣe tí eré bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹsẹ̀ sì ti wú. Nígbà tí mo fi máa padà sílé, ẹni tí mo jù lọ ní Abẹ́òkúta ti jù mí lọ.

Ìyẹn ni pé kóòṣì tó pè é lórí WhatsApp dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ìgbà wo ni kọ́ńtíráàtì òun fúnra rẹ̀ ń parí. Ẹ béèrè bóyá òun nìkan ló fẹ́ ọmọ náà tàbí ẹgbẹ́ náà lápapọ̀. Mi ò sọ pé kó má lọ o.

Bàbá_Adámásingbà (Sátidé, 11:15 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ojú oorun ni mo wà tí ìbọn WhatsApp yín fi jí mi.

Èmi fojú ara mi wo Rashidi Yékínì ní pápá Liberty ní Ìbàdàn níbí nígbà tó wà ní Shooting Stars, ẹ̀yin ò tíì dáyé. Tó bá ti kọjú sí ilé, aṣọ́lé á ti máa ṣẹ́wọ́. Ó ti Abidjan kọjá sí Setúbal ní Pọtogí, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ńlá, Benfica kọ́, Porto kọ́. Ní 1993/94 góòlù 21 ló gbá wọlé, kò sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ ní líìgì yẹn. 1993 náà ló di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹ rí i ní Amẹ́ríkà 1994 tó ń di àwọ̀n mú tó ń sunkún lẹ́yìn tó gbá a sí ilé Bulgaria. Lẹ́yìn ìyẹn Olympiacos ní Gíríìsì gbé e. Ẹgbẹ́ ńlá! Gbogbo wa la yọ̀. Àmọ́ àárín òun àtàwọn tó bá níbẹ̀ kò gún, kò pẹ́ ló fi kúrò lọ sí Gijón ní Spain, ìgbà tó tún padà sí Setúbal ní 1997, Yékínì tí wọ́n mọ̀ kọ́ ló padà wá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sọnù láàárín Pọtogí àti Gíríìsì. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù sí i ló sọnù. Wíńgà lọmọ yín, tí wọn ò bá ta bọ́ọ̀lù sí i, asáré ìje ni. Ẹ wádìí bóyá ẹni tó gbọ́ èdè tó gbọ́ wà níbi tó ń lọ, ẹni tí wọ́n á jọ máa jẹun.

Ọmọ_Àkúrẹ́ (Àìkú, 6:48 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ̀kọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ti Yékínì ti pẹ́, ó ti lé ní 30 ọdún nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 19 là ń sọ.

Bàbá_Adámásingbà (Àìkú, 7:30 àárọ̀)

1963 ni wọ́n bí i, 1994 ló lọ sí Gíríìsì, òótọ́ lo sọ, ó ti lé ní 30. Ìyẹn ló tún yẹ kó bà yín lẹ́rù. Àgbà tó ti gba adé Áfíríkà ni wọn ò gbà mọ́ra, mélòó-mélòó ọmọ kékeré.

Lọ́yà_Ẹ̀gbá (Àìkú, 1:12 ọ̀sán)

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti dé. Ẹ jẹ́ n fi ti ìwé kún un.

Owó ńlá Bẹ́ljíọ̀mù yẹn, ẹ má rò pé ìfẹ́ ló fà á. Òfin ibẹ̀ ló dá iye tó kéré jù tí ẹgbẹ́ lè san fún agbábọ́ọ̀lù tí kì í ṣe ọmọ EU (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù), iye náà sì ga, Holland náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Apá méjì ló ní. Ẹni tí wọ́n ń san irú owó yẹn fún, wọ́n á fẹ́ rí iṣẹ́ ẹ̀ kíá, kò sí pé à ń tọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀. Tí wọn ò bá rí i ní ọdún kan, ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n á wá tí yóò bá wọn san án, lóònù nìyẹn.

Lóònù: ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè yá a, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ sí òfìfo ìwé lónìí tí wọ́n á lò lọ́la. Òfin FIFA sì ni pé láàárín sáà kan, ẹgbẹ́ 3 lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ 2 péré ló lè gbá eré gidi fún. Tó bá ti gbá fún ẹgbẹ́ yín níbí nínú sáà kan náà, ó lè di ọ̀kan nínú méjì yẹn, ẹ ka ọjọ́ dáadáa.

Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ kiri: òfin wà pé ẹni tí kò bá gbá tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún eré ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín sáà lè já kọ́ńtíráàtì. Òótọ́ ni, àmọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ti fìdí múlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ọmọ ọdún 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tí éjẹ́ǹtì bá fi ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì bi í ní nọ́ńbà láísẹ́ǹsì FIFA rẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti kékeré náà kọ gbogbo ọdún tó lò lọ́dọ̀ wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá tà á lọ́jọ́ iwájú láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n ń pín fún àwọn tó kọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ àdúgbò lè fi kọ́ ilé ìwẹ̀.

Peckham_Sharp (Àìkú, 3:05 ọ̀sán)

Lọ́yà o ṣé. Ẹ jẹ́ n fi méjì kún un nípa Nọ́wè, nítorí mo ti ń wá a látàárọ̀.

Gift Orban, 2022 Stabæk, líìgì kejì Nọ́wè gẹ́lẹ́! Ọdún kan, January 2023 Gent ní Bẹ́ljíọ̀mù ti rà á, ẹ rántí góòlù mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí ilé Başakşehir ní Tọ́kì. January 2024 Lyon. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dúró, bẹ́ǹṣì, ìṣẹ́jú díẹ̀, bẹ́ǹṣì, January 2025 ó ti wà ní Hoffenheim. Èkejì Akor Adams, Sogndal ní 2018, ó rọra wà níbẹ̀ ọdún mẹ́rin, Lillestrøm ní 2022, Montpellier ní 2023, Sevilla ní January 2025. Nọ́wè kan náà, ọ̀kan sáré, ọ̀kan rìn. Nípa Nọ́wè sí Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ rí i pé ọ̀nà wà, ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé ni àbúrò yín ń yàn. Ó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kejì tàbí kí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi owó rà fún fẹ́ẹ̀sì tíìmù.

ÌyáÌbejì_CFC (Àìkú, 3:40 ọ̀sán)

Tàbí kí orúnkún já ní Nọ́wè kó má wọlé rárá. Èmi ò tíì yí padà o. Ademola Lookman, wíńgà Nàìjíríà, Everton ní 2017, Leipzig, lóònù Fulham, lóònù Leicester, gbogbo ẹ̀ ẹgbẹ́ líìgì ńlá, ibẹ̀ ló ti dé Atalanta, ó gbá mẹ́ta sí ilé Leverkusen ní fáínà ife Europa 2024. Kò lọ bá ẹja nínú omi tútù.

Sítíráíkà_Àná (Àìkú, 4:02 ọ̀sán)

Ìyá ìbejì, Charlton ni Lookman ti gbá bọ́ọ̀lù àgbà kó tó dé Everton. Eré ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mò ń wí.

ÌyáÌbejì_CFC (Àìkú, 4:05 ọ̀sán)

Hmm. Èyí dùn mí díẹ̀, mo gbà. Àmọ́ kí Nọ́wè fi owó kún un.

Ẹ̀gbọ́n_Wíńgà (Friday, 8:15 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo pe kóòṣì Nọ́wè, àbúrò mi ló ń túmọ̀ pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó jẹ́ ti gèémù. Kọ́ńtíráàtì tiẹ̀ ku ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ó ní wíńgà òsì wọn ti lọ, ọmọ ọdún 17 kan ni wọ́n ń fi dí i lọ́wọ́lọ́wọ́, sáà wọn ti kọjá ìdajì, torí Nọ́wè ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé ó sì ń parí kí òtútù tó le, nítorí náà òun kò ṣèlérí pé á bẹ̀rẹ̀ eré lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò ṣèlérí, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́ díẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, Bàbá, báàkì ni. Ó ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi wákàtí kan sọ.

Ti Bẹ́ljíọ̀mù, mo bi éjẹ́ǹtì pé wíńgà mélòó ló wà lápá òsì láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ó ní márùn-ún. Mo ní mélòó ni wọ́n fẹ́ tà. Ó ní òun á wádìí. Mo bi í ní nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, ó ní òun á padà pè mí. Tuesday nìyẹn.

Màámi ṣì ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ìyá ìbejì, wọ́n ní kí n kí yín.

Ọmọ_Àkúrẹ́ (Friday, 8:19 alẹ́)

Láti Tuesday! Ó ti ń wádìí nọ́ńbà ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Wíńgà (Friday, 8:26 alẹ́)

Àbúrò mi ò tiẹ̀ dúró dè é mọ́. Ó lọ sí ọjà Katangúà láàárọ̀ yìí, ó ra jákẹ́ẹ̀tì òtútù kan báyìí, ó gùn dé orúnkún, ó ń wọ̀ ọ́ kiri nínú pálọ̀ láti ọ̀sán, òógùn ti bò ó.